Ǹjẹ́ A Lè Pe Ọ̀rọ̀ Padà Lójú Ọ̀nà?

Ní Zaria, ìlú olódi gàgàrà, ìlú Amina ọmọ ọba tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń ròyìn bí ẹni pé àná ni ó gun ẹṣin kọjá lẹ́nu ibodè, òwe kan wà tí àlejò kì í gbé ìlú náà pẹ́ kí ó má gbọ́ ọ. Wọn a ní, "Magana zarar bunu ce." Bunu ni ògbólógbòó koríko tí a fi bo ilé, zarar sì ni fífà á yọ. Ohun tí àwọn Haúsá ń wí ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu dà bí koríko kan tí ènìyàn fà yọ lára òrùlé: fífà rẹ̀ kò le, ó dà bí ẹni fa irun kan lórí, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni náà bá fẹ́ dá a padà sí àyè rẹ̀, kò ní í wọlé mọ́, nítorí àwọn ìyókù ti sún mọ́ra, òjò tí ó bá sì rọ̀ lóru ọjọ́ náà ni yóò fi ibi tí ó ti fà á yọ hàn án. Àwa ọmọ Yorùbá tí a ń bá wọn gbé náà kò ṣàì ní èsì. A ó ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹ̀yà méjì nìyí, ọ̀kan gbójú sókè wo òrùlé, èkejì tẹjú mọ́ ìtẹ́ adìẹ, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì sì gbà yọ.

Ọmọ Sabon Gari ni èmi tí mo ń kọ èyí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Sábó ni à ń pe àdúgbò tí àwọn Haúsá tẹ̀dó sí. Ní Zaria, àwa gan-an ni ará Sábó, nítorí ìlú titun ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ẹni tí ó bá sì jẹ́ àlejò níbi kan ni ìlú titun tọ́ sí. Ọkọ̀ ojú irin ni ó kó àwọn baba wa wá. Nígbà tí ojú irin láti Èkó ti kọjá ní Zaria dé Kano, tí wọ́n sì tún la ojú irin tóóró mìíràn láti Zaria lọ sí apá Jos níbi tí àwọn òyìnbó ti ń wa kùsà, àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò ilẹ̀ wa tẹ̀ lé e wá, lẹ́tà nìkan ni ó sì so wọ́n pọ̀ mọ́ ilé: lẹ́tà sí Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́tà sí Ọ̀ffà, lẹ́tà sí Ìjẹ̀bú. Baba mi a máa kìlọ̀ fún mi pé kí n ka lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa, nítorí pé àpótí irin tí ń bẹ níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ẹnu tí ó fi ń gbé ìwé mì, ṣùgbọ́n kò ní èyí tí ó fi ń bì í. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi dàgbà, n kò sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò ṣe àpótí tí ń bì.

Ọjọ́ náà ti dé. Ní ìparí ọdún 2017 ni àwọn tí ó ni WhatsApp fún gbogbo ènìyàn ní agbára láti pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ rẹ́, kì í ṣe lójú fóònù tiwọn nìkan, bí kò ṣe lójú fóònù ẹni tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí pẹ̀lú. Ìṣẹ́jú 7 péré ni wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ní ọdún 2018 wọ́n sọ ọ́ di wákàtí 1 ó lé díẹ̀. Nígbà tí ó sì di oṣù kẹjọ ọdún 2022, ó ti di nǹkan bí ọjọ́ méjì àti ààbọ̀. Àwọn Telegram kò tilẹ̀ fi gbèdéke sí tiwọn: láti ọdún 2019, bí ẹni méjì bá jọ ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú wọn lè pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lọ́dọ̀ èkejì, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ èṣí, ìbáà tilẹ̀ ṣe èyí tí ẹnìkejì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Nítorí náà ni ìbéèrè yìí fi ń gbé mi lọ́kàn, tí mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò bí àwọn tí ó mọ̀ pé Ẹlẹ́dàá yóò bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ẹnu wa: ǹjẹ́ ẹ̀rọ ti sọ òwe àwọn àgbà di irọ́? Ẹyin tí ó balẹ̀, ṣé kò fọ́ mọ́?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi ni n ó kọ́kọ́ sọ. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n kan tí ó ti ń fà mí lọ́wọ́ láti ìgbà èwe mi dìde níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní èmi kò tíì san owó tí a dá fún ìsìnkú ọmọ ẹgbẹ́ kan. Òótọ́ ni, n kò tíì san án. Ṣùgbọ́n mo ti bá a sọ ìdí rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, mo sì rò pé kò yẹ kí ó fi mí ṣe ẹlẹ́yà láwùjọ. Lóru ọjọ́ náà, nígbà tí iná ti lọ, tí gbogbo Sabon Gari ṣókùnkùn, tí ìmọ́lẹ̀ fóònù nìkan ń tàn sí mi lójú, mo kọ ọ̀rọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ gígùn, ọ̀rọ̀ kíkan, èyí tí mo fi mẹ́nu ba gbèsè tí òun náà jẹ nígbà kan, tí mo sì fi mẹ́nu ba ọmọ rẹ̀ kan tí kò ṣe dáadáa. Mo rán an. Ìbínú mi rọ̀ bí ìgbà tí òjò bá dá. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ojú tì mí, mo tún un kà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo sì pa á rẹ́ kúrò lọ́dọ̀ èmi àti òun. Ohun tí ó kù níbẹ̀ ni ìlà kékeré tí ń sọ pé a ti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́. Mo dùbúlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìgbà ayé mi ni wọ́n ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ìlà kékeré yẹn náà ọ̀rọ̀ ni, ọ̀rọ̀ tí kò sì ní òpin ni, nítorí ẹni tí ó bá bá a lójú fóònù rẹ̀ láàárọ̀ yóò máa fi ọkàn ara rẹ̀ kọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí a ti kọ sí i. Bí àárín ọ̀rẹ́ méjì kò bá sì tíì tòrò, ohun tí ó máa rò lè burú ju ohun tí a kọ lọ. Ẹni tí ó sọ̀kò lóru tí ó tún yọ́ lọ ṣa òkò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ kò tíì tún páànù ẹni tí òkò bà ṣe.

Nínú gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn, èyí sì ni ti Gmail. Àwọn ènìyàn a máa rò pé ó ń pe lẹ́tà padà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé, nígbà tí o bá ti ní kí lẹ́tà máa lọ, yóò dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò sì lè ju 30 lọ, kí ó tó jẹ́ kí ó jáde; bí o bá kígbe láàrin àkókò náà, lẹ́tà kò tíì kúrò nílé. Ilé wa jẹ́ ilé tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń jẹun nínú àwo kan, nítorí náà nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún àáfà kan tí ó jẹ́ ìbátan mi, ẹnu kò yà á. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó rán mi létí pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ ènìyàn bá sọ ni màláíkà ń ṣọ́ tí ó sì ń kọ, gẹ́gẹ́ bí Àlùkùránì ti wí. Ó wá fi kún un pé hádíìsì kan wà, èyí tí Al-Tabarani gbà sílẹ̀ láti ẹnu Abu Umamah, tí ó sọ pé bí ẹrú Ọlọ́run bá dẹ́ṣẹ̀, màláíkà ọwọ́ òsì a gbé kálàmù rẹ̀ sókè fún wákàtí 6, kò ní í kọ ọ́: bí ẹni náà bá kábàámọ̀, tí ó sì tọrọ àforíjì láàrin àkókò náà, màláíkà a jù ú nù. Bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, a kọ ọ́ ní ẹyọ kan. Mo gbọ́ èyí, orí mi sì wú. Ọlọ́run Arínúróde, Olùmọ̀ràn ọkàn, tí kò sí ohun tí ó pamọ́ fún un, Òun tìkára rẹ̀ a máa fi àyè sílẹ̀ láàrin ìṣe àti àkọsílẹ̀ ìṣe!

Ẹ ṣàkíyèsí, síbẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú wákàtí 6 náà. Kálàmù dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí ẹlẹ́ṣẹ̀ lè rí àyè sá. Ó dúró kí ó lè rí àyè padà wá. Àáfà mi kò sì jẹ́ kí n lọ láìsọ èyí tí ó wúwo jù. Ó ní ẹ̀tọ́ Ọlọ́run yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn: èyí tí ó bá wà láàrin èmi àti Olúwa mi, ìrònúpìwàdà lè parí rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo bá fi kan ọmọlàkejì mi lára, àfi kí n wá ojú rere rẹ̀. Mo bi í pé bí ẹni náà kò bá tíì rí i ńkọ́. Ó wò mí, kò dáhùn.

Ọ̀rọ̀ tí a ti rán, ta ni ó ni ín? Ibí yìí ni mo rò pé ẹ̀rọ ti ṣì wá lọ́nà, nítorí ó jẹ́ kí á máa rò pé tiwa ni ó ṣì jẹ́, bí aṣọ tí a yá ẹlòmíràn tí a lè lọ gbà padà nígbàkúùgbà. Àwọn baba wa tí kò mọ ìwé kò rò ó bẹ́ẹ̀. Àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́: ẹyọ owó mẹ́fà tí a so pọ̀ ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí fífà ń bẹ nínú ẹ̀fà, mẹ́jọ ń wí pé ọ̀rọ̀ wa jọ, ẹyọ méjì tí ó kọjú síra ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, èyí tí ó kẹ̀yìn síra ń sọ̀rọ̀ ìjà. Bí ẹni tí ó fi ẹyọ méjì tí ó kẹ̀yìn síra ránṣẹ́ bá yí ọkàn padà, kò sí oògùn tí yóò fi yí wọn kojú síra lọ́wọ́ ẹni tí ó ti gbà wọ́n. Àfi kí ó wá ẹlẹ́sẹ̀ yíyára mìíràn, kí ó di àrokò mìíràn fún un, kí ó sì jẹ́ kí ẹni náà fi ojú ara rẹ̀ rí èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìṣáájú.

Àwọn amòfin òyìnbó pàápàá gba ọ̀nà yìí. Ní Kongo, níbi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Zaria níbí, ẹni tí ó bá kọ́ òfin àdéhùn kò ní í ṣàì pàdé ẹjọ́ Byrne àti Van Tienhoven, tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1880. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1879, oníṣòwò kan ní Cardiff kọ̀wé sí àwọn kan ní New York pé òun yóò ta àpótí páànù 1,000 fún wọn. Ní ọjọ́ 8 ọkàn rẹ̀ yí padà, ó kọ ìwé mìíràn láti fa ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 11, ìwé ti àkọ́kọ́ gúnlẹ̀, àwọn tí ó gbà á sì tẹ wáyà lójú ẹsẹ̀ pé àwọn gbà. Ọjọ́ 20 ni ìwé ìfàsẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Adájọ́ ní páànù ti di títà, nítorí pé yíyí ọkàn padà kò ní agbára kan títí yóò fi dé etí ẹni tí a sọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún. Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ páànù ṣe bá ọ̀rọ̀ àáfà mi mu.

Zaria tilẹ̀ yẹ kí ó mọ èyí ju ìlú mìíràn lọ, nítorí ilé ọ̀rọ̀ ni ìlú náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Gaskiya Ta Fi Kwabo ní ọdún 1939, orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé òtítọ́ níye lórí ju kọ́bọ̀ lọ, Abubakar Imam sì ni olóòtú rẹ̀, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Magana Jari Ce, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ni owó òwò. Bí ìwé ìròyìn bá ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀, olóòtú kò lè wọ ilé ẹni tí ó rà á lóru kí ó lọ fi ràbà pa ìlà kan rẹ́. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó jẹ́wọ́ nínú èyí tí ń bọ̀ pé a ti ṣì í sọ. Ìtìjú wà nínú èyí, ìtìjú náà sì ni ó ń mú kí ìjẹ́wọ́ níyì. Fóònù ti fún wa ní agbára láti wọ ilé ẹni ẹlẹ́ni lóru, a sì ń pè é ní àǹfààní. Ní èdè wa, kíkó ọ̀rọ̀ ẹni jẹ kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lánàá tí ó kó o jẹ lónìí kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó pa ẹ̀rí tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn run.

Nígbà tí mo ń ro èyí, ìtàn Ísáákì ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Baba arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́ súre fún Jákọ́bù, ó rò pé Ésáù ni. Nígbà tí Ésáù wọlé tí ẹ̀tàn náà tú, Ísáákì gbọ̀n jìgìjìgì, ọmọ rẹ̀ sọkún kíkorò lójú rẹ̀, síbẹ̀ kò wí pé òun gba ìre náà padà. Mo ti máa ń rò nígbà kan pé ọ̀dájú ni baba náà. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Èyí tí ó sì ṣí mi lójú jù ni ìtàn Ahaswérúsì ọba Páṣíà nínú ìwé Ẹ́sítérì. Hámánì, ìjòyè ọba, ti fi òrùka ọba di ìwé pé kí wọ́n run àwọn Júù. Nígbà tí ọba rí i pé ibi ni, ó bínú, ó pa Hámánì, ṣùgbọ́n kò lè pa ìwé náà rẹ́, nítorí ohun tí a bá ti fi òrùka ọba dì kò ní ìyípadà. Ohun tí ó ṣe ni pé, lẹ́yìn oṣù méjì ó lé ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n kọ ti àkọ́kọ́, wọ́n kọ ìwé mìíràn sí ìgbèríko 127, sí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀, wọ́n sì gbé e fún àwọn tí ń gun ẹṣin tí ó yára jù lọ nínú ilé ẹṣin ọba. Ìwé méjèèjì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n ka ìkíní, wọ́n ka ìkejì. Ìkejì kò sọ pé ìkíní kò sí rí. Ó bá a jà ni.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹlẹ́ṣin kejì ń bá ẹlẹ́ṣin kìíní. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, ìwé ìròyìn ThisDay tẹ ọ̀rọ̀ kan nípa ìdíje ọmọge àgbáyé, èyí tí àwọn Mùsùlùmí kà sí ìwọ̀sí sí Ànábì; ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì léraléra, ṣùgbọ́n kí àforíjì náà tó ta gbòǹgbò, Kaduna, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, ti gbiná, ènìyàn tí ó ju 200 lọ sì kú. Lẹ́yìn ọdún méjìlá, nígbà tí Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola láti Làìbéríà wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, kò pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan fi gba gbogbo Nàìjíríà kan: kí olúkúlùkù fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì mu nínú rẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti jí wa ní Zaria lóru, wọ́n ní kí a má ṣe sùn kọjá rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi rán an sí wa, ìfẹ́ ni àwa náà sì fi rán an síwájú. Ìjọba ní irọ́ ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ó kéré tán ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà, bí a tilẹ̀ ti fún un ní agbára láti pa tirẹ̀ rẹ́ nígbà náà, kí ni ì bá pa rẹ́? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìyá sí ọmọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n sí àbúrò. Ohùn tí a fi gbọ́ ọ kì í ṣe ohùn rẹ̀ mọ́. Mo rántí pé lẹ́yìn tí a gbọ́ pé irọ́ ni, èmi kò pe gbogbo àwọn tí mo rán an sí. Mo pe díẹ̀, ó sú mi, mo fi ìyókù sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yẹra fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn òru ọjọ́ náà. Bí a bá pàdé, yóò béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, èmi yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní kí n dìde, kò sì sí ohun mìíràn. N kò mọ̀ bóyá ó ti kà á tàbí kò kà á, àìmọ̀ náà sì ni ìjìyà mi. Nígbà tí ó di ọjọ́ Sátidé kẹta, mo ra obì ní ọjà Sabon Gari, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Samaru níbi tí ó ń gbé láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, mo sì bá a níwájú ilé tí ó ń gba afẹ́fẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo kọ sí yín tí mo tún pa rẹ́. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín, kí n lè bẹ̀ yín fún ohun tí ẹ mọ̀." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀, ti gbèsè, ti ọmọ, n kò fi ìkankan pamọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó korò lẹ́nu mi ju bí ó ti korò lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń kọ ọ́.

Ó dákẹ́ títí mo fi parí. Ó wá ní, "Mo ti gbọ́ ọ láti òru ọjọ́ náà, kí o tó pa á rẹ́. Ojú mi kì í ríran dáadáa lálẹ́ mọ́. Ìyàwó mi ni ó ń bá mi ka nǹkan. Òun ni ó kà á sí mi létí." Ó gba obì náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó sì tún gbé e lé mi lọ́wọ́ padà. Ó ní, "Èmi ti dárí jì ọ́ tipẹ́, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí o bú yẹn, òun ni ó bí i."

Ó yíjú sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì pe ìyàwó rẹ̀. Mo dìde dúró, obì náà lọ́wọ́ mi, mo ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ bí ó ti ń bọ̀.